Ìbéèrè 50, Ìṣẹ́jú 12

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, kí ẹ tó ṣí ojú ewé yìí kọjá lọ síbi ewì ìfẹ́, ẹ gbọ́ tèmi ná. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Ti àwọn géńdé tó ń dé akoto ni mò ń wí, tí wọ́n ń di bọ́ọ̀lù tó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì mọ́ àyà, tí wọ́n sì ń wó ara wọn lulẹ̀ bí ẹni ń wó ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò rí i rí, àwọn tó sì rí i yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn. Kò burú. Ẹ kò nílò láti mọ òfin rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín, nítorí ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn géńdé náà ló gbé mi débẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ìdánwò ju bí a ṣe mọ bọ́ọ̀lù lọ.

Lẹ́kítọ̀ wa kan ló fà á. Ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá, ó ní kí oníkálukú wa lọ mú ìdánwò kan tí àwọn èèyàn ti ń lò fún ọdún gbọọrọ, kó sì wádìí bóyá ó ń wọn ohun tó ní òun ń wọ̀n. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó lé ní ogún èèyàn nínú kíláàsì wa tó sáré mú JAMB? Èmi ronú sí i pé bí mo bá mú JAMB, inú á kàn máa bí mi láti ojú ewé kìíní títí dé ìparí ni, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí n tó wọlé. Mo wá ìdánwò tí kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Bí mo ṣe bá Wonderlic pàdé nìyẹn.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eldon Wonderlic ló ṣe é ní àwọn ọdún 1930, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tètè mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Ìbéèrè 50, ìṣẹ́jú 12, ó parí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 14 àti díẹ̀ ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìbéèrè náà kò sì le lọ títí. Irú èyí ni: bí yáàdì aṣọ 3 bá jẹ́ náírà 4,500, èló ni yáàdì 7? Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí ni kò bá àwọn yòókù tan? Ìyá aláṣọ ní ọjà Gbági á ti dáhùn ti àkọ́kọ́ yẹn kí ẹ tó kà á tán. Ṣùgbọ́n aago ń sáré, 50 sì pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lè parí rẹ̀. Ẹni tó bá gba nǹkan bíi 20 tàbí 21, ó wà ní àárín gbùngbùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Báwo ló ṣe wá dé orí pápá? Wọ́n ní Tom Landry, kóòṣì ẹgbẹ́ Dallas Cowboys, ló mú un wọ inú bọ́ọ̀lù ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù NFL bá ti kóra jọ kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọ́n á ní kí wọ́n sáré 40 yáàdì, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn pàápàá. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún wọn ní pẹ́ńsùlù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí di 2022 tí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Quarterback ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nínú èèyàn 11 tó dúró fún ẹgbẹ́ kan, òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, òun ló sì máa pinnu bóyá kí òun jù ú sí ẹni tó wà lókèèrè, kí òun fà á lé ẹni tó wà nítòsí lọ́wọ́, tàbí kí òun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ní láti fi rò ó, àwọn abara-bí-erin tó wúwo ju kìlógíráàmù 120 lọ sì ń bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Kó tó dé orí pápá, ó ti há ìwé ètò eré tó nípọn sórí. Torí náà àwọn olówó ẹgbẹ́ ní, iṣẹ́ ọpọlọ ni èyí o, ẹ jẹ́ kí a dán ọpọlọ rẹ̀ wò. Ta ló máa bá wọn jà? Létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, ó bọ́gbọ́n mu.

Ó yá, ẹ wá wo àwọn orúkọ. Àṣírí ló yẹ kí máàkì wọ̀nyí jẹ́, àmọ́ lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń jò síta, torí náà ohun tí àwọn oníròyìn gbé jáde ni mò ń sọ. Dan Marino, wọ́n ní bíi 15 ló gbà. Ní 1984, tó jẹ́ ọdún rẹ̀ kejì péré nínú iṣẹ́ náà, ọmọkùnrin yìí ju bọ́ọ̀lù tó lọ yáàdì 5,084, ó sì ju 48 tó bọ́ sí ilé. Kò sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Terry Bradshaw, òun náà bíi 15 tàbí 16. Ife ẹ̀yẹ Super Bowl mẹ́rin ló gbà pẹ̀lú Pittsburgh Steelers.

Ẹ wá yíjú sí òdìkejì. Ryan Fitzpatrick, ọmọ Harvard, 48 nínú 50, wọ́n tilẹ̀ ní kò lo ìṣẹ́jú 12 tán. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń mú èèyàn ní 2005, ipò 250 ni wọ́n tó pè é. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún sáà 17, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án, kò sì gbá eré àṣekágbá kankan rí. Ṣé ó ṣàṣeyọrí àbí kò ṣe é? Ẹni tí wọ́n ṣà kẹ́yìn báyẹn tó wá jẹun níbẹ̀ fún ọdún 17, lójú tèmi, ó ṣe é, ó ṣe é dáadáa. Ẹni tó ń ka ife ẹ̀yẹ máa ní irọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní àṣeyọrí, síbẹ̀ wọ́n ti ń wá ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ayé gbà pé ó gba 50 nínú 50, Pat McInally, ní 1975, ọmọ Harvard lòun náà. Kì í tilẹ̀ ṣe quarterback! Iṣẹ́ tí Cincinnati Bengals mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni kó máa fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá. Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, òun ló ronú kan àwọn ọmọlangidi eléré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Starting Lineup. Ọpọlọ náà ṣáà ríṣẹ́ ṣe níbì kan.

Mo lè máa bá orúkọ lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tom Brady gba 33, máàkì tó dáa gan-an. Bí máàkì bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò lè gbé e kúrò ní ipò 199 tí wọ́n mú un sí ní 2000? Ẹni tó gba Super Bowl méje! Blaine Gabbert gba 42, wọ́n mú un ní ipò 10 ní 2011, kò sì rí ẹsẹ̀ walẹ̀ níbi tí wọ́n mú un sí. Ó ní ife ẹ̀yẹ lóòótọ́, àmọ́ orí bẹ́ńṣì, lẹ́yìn àwọn Brady, ló ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ràn máàkì máa dá mi lóhùn pé, Eli Manning ńkọ́? 39 lòun, Super Bowl méjì. Bí a bá ń fi orúkọ jà báyìí, ẹni tó ní ohùn jù ló máa borí.

Mo wá àwọn tó ti ka gbogbo wọn pọ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Lyons, Hoffman àti Michel, gbé máàkì agbábọ́ọ̀lù 762 yẹ̀ wò, wọ́n fi í wé ohun tí wọ́n ṣe lórí pápá. Wọ́n kò rí ìbátan kan tó ṣe é dì mú. Ní ipò méjì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn tí máàkì wọn kéré ló ṣe dáadáa jù (kì í ṣe ti quarterback o). Ní 2011, David Berri àti Rob Simmons dojú kọ àwọn quarterback nìkan. Àwọn méjì yìí rí nǹkan tó mú mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru ọjọ́ náà. Máàkì Wonderlic ń bá ipò tí wọ́n mú èèyàn sí lọ. Kò bá bí èèyàn náà ṣe gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ tún un kà. Kò sọ ẹni tó máa mọ̀ ọ́n gbá. Ó ń kópa nínú ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Owó ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè sì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ, wọ́n máa ń ní sùúrù fún un, wọ́n á jẹ́ kó ṣàṣìṣe kó tún ṣe. Ẹni ipò 199, bọ́ọ̀lù kan ló máa sọ nù kí wọ́n tó ní kó lọ jókòó.

Mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe Sítátísíìkì. Mo rò pé ó máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Rárá o. Ó ní, "Ìwọ gbé kíláàsì Ìṣègùn yẹ̀ wò. Ká ní gbogbo wọn gba 280 sókè nínú JAMB. Bí o bá fi máàkì JAMB wọn wá ẹni tó máa di dókítà gidi, o ò ní rí nǹkan kan, torí gbogbo wọn ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Ṣé ìyẹn wá fi hàn pé ẹni tó gba 90 náà lè ṣe é?" Ó ní àwọn tí máàkì wọn burú jù nínú bọ́ọ̀lù yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, a ò sì rí wọn kà. Kò tíì tán o. Ó ní àwọn quarterback tí kò mọ̀ ọ́n gbá, wọn kì í pẹ́ lórí pápá, torí náà bí ẹ bá ń ka bí èèyàn ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sí, àwọn tó dára díẹ̀ nìkan lẹ máa rí tó jù ú púpọ̀. Sìfù tẹ́ ẹ fi ń wọ gbogbo wọn ti ní ihò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà bó ṣe sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé ọpọlọ kò wúlò fún quarterback. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo lè sọ kò tó yẹn: láàárín àwọn tó ti dé ẹnu ọ̀nà, 18 àti 30 kò fi ẹ̀gbọ́n hàn yàtọ̀ sí àbúrò.

Kí ló fà á? Èrò tèmi rèé. Ẹ ti rí àwọn bàbá tó mọ ayò ta rí. Bàbá náà lè má mọ ìwé kà. Ó máa wo ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ pé bí òun bá kó ilé kẹta, ibi báyìí ló máa parí sí, kò ka ọmọ ayò kankan, ìka rẹ̀ kò kàn án. Ẹ gbé ìbéèrè yáàdì aṣọ fún bàbá yìí lórí ìwé, kí ẹ sì gbé aago síwájú rẹ̀. Ẹ wá fi òun àti ọmọ 300 level tó gba 40 jókòó sídìí ọpọ́n. Ọdún àti ọdún tó ti fi jókòó sídìí ọpọ́n ló ń bá a ronú. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti quarterback. Ohun tó ń rí nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, ó ti rí i ní ẹgbàágbèje ìgbà láti kékeré. Wonderlic ń béèrè ohun tí èèyàn lè ṣe pẹ̀lú nǹkan tuntun tí kò kan án, lórí àga, nínú yàrá tútù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ká ní ibi tó mọ nìyẹn, mi ò bá ti fi iṣẹ́ náà lé lẹ́kítọ̀ lọ́wọ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Vince Young kò jẹ́. Ní oṣù Kíní 2006, ọmọkùnrin yìí kó yunifásítì Texas lẹ́yìn, wọ́n na USC 41 sí 38, wọ́n gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Oṣù kejì dé, ó ṣe Wonderlic. Ìròyìn gba ìgboro pé 6 ló gbà. Wọ́n ní kó tún un ṣe, wọ́n ní 16 ló gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló rántí 16? 6 ló lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tennessee Titans mú un ní ipò kẹta, ó gba ẹ̀bùn akọ́ṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ́dún yẹn nínú àwọn tó ń kọlu ọ̀tá. Nínú eré 47 tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọ́n jáwé olúborí nínú 30. Nígbà tí ìpalára dé, tí àárín òun àti kóòṣì rẹ̀ dàrú, tí nǹkan bà jẹ́, kí làwọn èèyàn sọ? "Ṣebí a ti wí." Bí ẹni pé 6 ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Marino gba bíi 15, àpárá ni wọ́n fi ń dá lónìí. Ti Young kì í ṣe àpárá. Mi ò lè wọn èyí fún yín lórí ìwọ̀n kankan, ojú ni mo fi rí i: nọ́ńbà tó kéré máa ń yára sáré jù bó bá jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó máa jò máàkì. Ní 1978, Warren Moon ti gba Rose Bowl fún yunifásítì Washington, kò sí ẹgbẹ́ NFL kan tó mú un. Wọ́n fẹ́ kó fi quarterback sílẹ̀, kó lọ gbá ipò míràn, ibi tí wọ́n gbà pé eré sísá nìkan tó. Ó gbéra, ó lọ sí Kánádà, ó gba ife ẹ̀yẹ wọn lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra pẹ̀lú Edmonton kí Houston tó pè é padà wálé ní 1984. Ní 2006, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngán àwọn akọni bọ́ọ̀lù. Òun ni quarterback aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n kọ Moon sílẹ̀, ní 2018, wọ́n tún ní kí Lamar Jackson lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní 13 ló gbà. Wọ́n mú quarterback mẹ́rin ṣíwájú rẹ̀, òun ló kẹ́yìn àwọn 32 àkọ́kọ́. Ní 2019 gbogbo olùdìbò 50 ló fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù. Ó tún gbà á ní 2023.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Wonderlic ti dé iwájú adájọ́ rí. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan wà ní North Carolina, Duke Power. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ lébìrà nìkan ni aláwọ̀ dúdú lè ṣe níbẹ̀. Ní 1965, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní kò sí wàhálà, gbogbo ẹni tó bá ń fẹ́ iṣẹ́ gidi ní láti ní ìwé ẹ̀rí girama, tàbí kó yege nínú ìdánwò méjì. Wonderlic ni ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tí kò ní ìwé, tí wọn kò sì ṣe ìdánwò kankan, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gidi yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa! Òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́tàlá gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Ní 1971, adájọ́ mẹ́jọ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ìdánwò tó ń ti irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ síta kò bófin mu àyàfi tí wọ́n bá lè fi hàn pé ó bá iṣẹ́ náà tan. Ọdún wo ni Landry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé e dé orí pápá? Ní àwọn ọdún 1970 yẹn kan náà ni.

Wọ́n ti yọ ọ́ báyìí, mo ti sọ. Àmọ́ àwọn tó ń yan èèyàn kò lè sùn láìsí nọ́ńbà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìdánwò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ S2 ti dé, wọ́n ní òun ń wọn bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń yára mú nǹkan. Ó sún mọ́ iṣẹ́ náà ju yáàdì aṣọ lọ, mo gbà. Ní 2023, máàkì tún jò. Bryce Young, 98 nínú ọgọ́rùn-ún. C. J. Stroud, 18. Carolina mú Young ní ipò kìíní, Houston mú Stroud ní ipò kejì. Lọ́dún yẹn, eré méjì péré ni Carolina jáwé olúborí nínú 17. Stroud gba ẹ̀bùn akọ́ṣẹ́, ó gbé Houston dé àṣekágbá, wọ́n na Cleveland níbẹ̀. Èèyàn méjì kì í ṣe ìwádìí, ọ̀rẹ́ mi á ti máa pariwo. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn Young náà kò lágbára. Síbẹ̀ mi ò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe fi 18 yẹn ṣe ọmọ náà yẹ̀yẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mú un.

Ẹ máa bi mí pé kí ló kàn mí nínú 18 ọmọ ọlọ́mọ. Bọ̀ọ̀dá mi ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ní yunifásítì, 2:1 ni wọ́n fi jáde. Ní báyìí wọ́n ń ri sólà àti inverter mọ́ ilé àwọn èèyàn n'Íbàdàn. Wọ́n á dúró síwájú ilé kan, wọ́n á béèrè firíìjì mélòó, pọ́ǹpù omi ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa ń lọ aṣọ, wọ́n á sì dárúkọ iye bátìrì tó máa gbé e. Kì í yẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an ni iṣẹ́ oṣù ní ilé iṣẹ́ ńlá, torí Màámi ń dàgbà, àwa tó ṣì wà níléèwé sì pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ ṣe ìdánwò ọpọlọ fún ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn tó gbẹ̀yìn, ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú 20, kọ̀ǹpútà tí wọ́n jókòó sí kú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pé wọn kò yege. Kò sí máàkì níbẹ̀.

Mo fi tọkàntọkàn wá ohun tí mo lè sọ fún wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tuni lára. Ní 1998, Schmidt àti Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ, wọ́n ní irú ìdánwò báyìí ń sọ nǹkan kan gidi nípa bí èèyàn ṣe máa ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àti ní ilé iṣẹ́. Bí 0 bá jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan, tí 1 sì jẹ́ pé ó mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní 0.51 ni. Ní 2022, Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣírò, ó bọ́ sí 0.31. Torí náà ó ju òfo lọ. Kò sì tó ohun tí èèyàn á fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan láìwo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láti orí Marino dé orí Stroud. Wọ́n ń tú wáyà lọ, wọn kò gbójú sókè.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn kì í sọ gbogbo rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Tàwọn ìyẹn ṣì dáa. Wọ́n mọ iye tí wọ́n gbà."

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ti ń bínú nítorí Vince Young tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó gba 6, mi ò tíì ronú kan ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni tó máa sọ tirẹ̀ fún un láé.

Wọ́n ti pè wọ́n fún òmíràn, oṣù tó ń bọ̀. Mo wá ìbéèrè 50 jọ fún wọn, yáàdì aṣọ, ọ̀rọ̀ tí kò bá yòókù tan, gbogbo rẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo fi í sí ìṣẹ́jú 12. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, 31 ni wọ́n débẹ̀ kó tó dún. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n yí ìwé padà sí ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀.